Ìdí Tí Mo Fi Pa Fóònù Mọ́ Ọ Létí

Ilé wa, ọ̀nà ilé ère,
Èsìẹ́.

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi,

O kú iṣẹ́ o, o kú ìlú onílùú. Màmá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bá òun kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí ó ní bí mo bá ti ki ẹnu bọ ọ̀rọ̀ tèmi, mi ò ní rántí òun mọ́. Ó kí ọ o. Ajá wa ti bímọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, kajú sì so lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ka ya lulẹ̀. Ojú màmá rẹ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti jiná dáadáa. Ó ń ríran báyìí débi pé mi ò gbádùn ara mi mọ́. Àbàwọ́n ọbẹ̀ tó ti wà lára bùbá mi tipẹ́tipẹ́, àárọ̀ àná ló rí i, ó sì bi mí bóyá mo rò pé ojú gbogbo ayé ló fọ́ ni.

Mo gbọ́ pé o ń bínú sí mi. Bí mo bá wà nípò rẹ, èmi náà yóò bínú. O ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní báǹkì ní Ìbàdàn, wọ́n fi ọ́ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń pe àwọn oníbàárà lórí fóònù, inú rẹ dùn, o sì fẹ́ kí n wà lára àwọn tí o máa kọ́kọ́ pè. O fi fóònù ilé iṣẹ́ pè mí. O gbé ohùn òṣìṣẹ́ wọ̀, o ní, “Ẹ káàsán sà, láti báǹkì yín ni a ti ń pè yín.” Kí o tó fa gbólóhùn kejì yọ, mo ti pa fóònù mọ́ ọ létí. O tún pè, mo tún pa á. Màmá rẹ sọ fún mi pé ọ̀gá rẹ dúró lẹ́yìn rẹ nígbà náà, àti pé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o padà délé, o kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé, “Bàámi, ẹ ò mọ ohùn mi mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o, Mojí. Ó dùn mí débi pé mi ò lè fèsì rẹ̀ lórí fóònù. Mo lọ ra bébà àti bírò, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ní n ó kọ lẹ́tà gidi sí ọmọ mi, kí ó lè kà á títí, kí ó tún un kà. Olùkọ́ ni mí, bí mo tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Bí ọ̀rọ̀ tó yẹ ní kíkọ́ bá délẹ̀, ọwọ́ a máa yún mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ nìyí: mo mọ ohùn rẹ. Ìwọ lo sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ pé ìwọ ni. Etí tó gbọ́ ẹkún rẹ ní ọjọ́ tí a bí ọ kò tíì di. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mo pa á. Fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ báǹkì, jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba oko ìyá àgbà mi kọjá. O ti gbọ́ ìtàn iṣu yìí títí ó fi sú ọ, ṣùgbọ́n èmi gan-an kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tán títí di ọdún yìí. Mo kéré nígbà náà, agbára mi kò tíì ká ọkọ́. Ìyá àgbà lọ ń tún ebè ṣe lápá òkè oko, wọ́n fi mí sílẹ̀ nínú ahéré pé kí n máa ṣọ́ iṣu tí à ń sun àti ọ̀yà tí bàbá àgbà pa. Sámù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, lọ fara pamọ́ sí etí odò. Ó yí ohùn padà bíi ti ìyá àgbà, ó ń pè, “Àkàndé o! Àkàndé ọkọ mi, sáré wá!”

Kò sẹ́ni tó máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ àfi ìyá àgbà. Mo jẹ́ “Òoo!” mo sì fi eré sí i, ó di etí odò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tí mo máa fi padà dé ahéré, èèpo iṣu nìkan ló kù, àti ìrù ọ̀yà. Sámù ti di àgbà ìjọ báyìí, ó sì ń sẹ́ títí dòní. Ó ní ajá ló jẹ ẹ́. Ajá wo ló ń bó iṣu kó tó jẹ ẹ́?

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí jókòó.

“Àkàndé, níbo ni o mọ̀ pé mo wà?”

Mo ní, “Níbi ebè ni, màmá.”

“Níbo ni ohùn ti ń pè ọ́?”

“Etí odò ni.”

“Kí ló wá gbé ọ dé etí odò?”

Wọ́n wá sọ fún mi pé, “Bí o bá gbọ́ tí wọ́n ń pè ọ́, tí o kò sì rí ẹni tó ń pè ọ́, má jẹ́. Má sì sá tẹ̀lé ohùn. Wá bá mi níbi tí o mọ̀ pé mo wà. Bí èmi ni mo pè ọ́, màá sọ fún ọ. Bí kì í bá ṣe èmi, a jọ gbọ́ nìyẹn.” Àwọn àgbà yòókù máa ń sọ pé nítorí iwin ni a kì í fi í jẹ́ ìpè inú igbó. Ìyá àgbà ní òun kò tíì rí iwin tó ń jẹ iṣu sísun rí.

Fi ìyẹn sọ́kàn. Ó dọdún yìí.

Ohun tí a kò sọ fún ọ ni mo fẹ́ sọ báyìí. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ojú màmá rẹ, ní ọ̀sẹ̀ tí ìwọ ń lọ fún ìdánwò iṣẹ́ rẹ gan-an, mo jókòó níwájú ilé, mo ń sá kajú. Owó iṣẹ́ abẹ náà ti pé nínú àkáǹtì mi, ó ku kí dókítà ní Ìlọrin fún wa ní ọjọ́. O mọ bí ojú màmá rẹ ṣe rí nígbà náà. Ògiri ló fi ń rìn. Ó máa ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife, á sì fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ kí n má bàa rí i. Gbogbo ìrètí wa wà lórí owó yẹn.

Fóònù dún. Ọkùnrin kan ni.

“Ẹ kú oòrùn o, bàbá wa! Àkàndé! Àkàndé ọmọ Èsìẹ́! Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?”

Ohùn ilé wa ló fi sọ ọ́, Mojí. Ohùn Ìgbómìnà pọ́ńbélé, bí ẹni tí wọ́n bí sí Òmù-Àrán tí wọ́n tọ́ dàgbà lọ́dọ̀ wa níbí. Orí mi wú. Láti ìgbà tí ìyá àgbà ti lọ, mélòó ni ẹni tó ń pè mí ní Àkàndé? Màmá rẹ a máa pè mí bẹ́ẹ̀ bí ó bá fẹ́ kí n gbé nǹkan tó wúwo.

“Ẹ kú ìtọ́jú màmá wa o,” ni ó tún wí. “Olúwa yóò fi iṣẹ́ abẹ ojú náà ṣe àṣeyọrí. Wọn yóò ríran padà lágbára Ọlọ́run.”

Mo ní, “Àmín, ọmọ mi. Ta ló ń sọ̀rọ̀?”

“Ọmọ yín ni mí ní báǹkì yín, bàbá. Ẹnì kan ló ń gbìyànjú láti wọ inú àkáǹtì yín lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, Èkó ni ó wà. A fẹ́ bá yín tì í pa kí ó tó kó owó ojú màmá lọ.”

Àyà mi là gàrà. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣe mí, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Mi ò ronú láti pa fóònù. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó ṣeé pa. O mọ bí a ṣe ń kí ara wa lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń kí ọ, o gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kí ọ tán, o gbọ́dọ̀ dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́. Bí ó ṣe ń béèrè ilé ni mò ń dáhùn, bí ó ṣe ń béèrè oko ni mò ń dáhùn, àfi bí ẹni pé orí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wa ló jókòó sí. Ẹni tó pè mí ní Àkàndé, tó gbàdúrà fún aya mi, báwo ni màá ṣe já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu? Olè náà mọ̀ wá dáadáa. Ẹ̀kọ́ ilé wa ló fi dè mí mọ́lẹ̀.

Ó ní, “Nọ́ńbà kan ń bọ̀ wá sórí fóònù yín báyìí, bàbá. Ẹ ṣáà kà á sí mi létí, kíá, kíá.”

Nọ́ńbà náà wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí i kà, dígí mi wà nínú yàrá. Mo fi fóònù sí ohùn gbangba, mo ké sí màmá rẹ pé kó bá mi mú dígí wá. Ó fi ọwọ́ tọ ògiri jáde, dígí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà.

“Bàbá Mojí, ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

“Báǹkì ni. Mú dígí wá.”

“Ṣé ẹ rí wọn ni?”

“Báwo ni màá ṣe rí wọn? Ṣebí fóònù ni!”

Ó rọra gbé ọwọ́ tó di dígí mú lọ sí ẹ̀yìn, bí ọmọ tó jí ẹran. Ó ní, “Bàbá Mojí, níbo ni ẹ mọ̀ pé báǹkì wà?”

Mo ní, “Òmù-Àrán.”

“Ṣé Òmù-Àrán ni ohùn yìí ti ń wá?”

Mojí, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni mo gbọ́ lẹ́nu màmá rẹ. Obìnrin tí kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló rí etí odò níwájú ilé wa. Ọkùnrin náà gbọ́ wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, “Bàbá, ẹ má dá wọn lóhùn! Owó ti ń lọ! Ẹ ka nọ́ńbà yẹn!” Ó ti gbàgbé Àkàndé. Ó ti gbàgbé àdúrà. Ohùn ilé wa pàápàá ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo pa fóònù. Mo sì ń rò ó pé mo ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́ sí ẹni ẹlẹ́ni. Wo ayé! Olè fẹ́ jà mí lólè, èmi ni mò ń rò pé mi ò kí i dáadáa kí n tó lọ.

Mo wọ bàtà, mo gun ọ̀kadà, ó di Òmù-Àrán. Ọmọbìnrin tí mo bá níbi tábìlì wọn wo inú kọ̀ǹpútà wọn fínnífínní, ó ní, “Bàbá, ẹnikẹ́ni kò pè yín láti ọ̀dọ̀ wa. Ṣé ẹ ti ka nọ́ńbà náà fún un?” Mo ní rárá. Ó ní nọ́ńbà náà ni kọ́kọ́rọ́ tí wọn ì bá fi wọ inú àkáǹtì mi. Ó bá mi yí ọ̀rọ̀ ìwọlé àkáǹtì mi padà, ó sì fi ìka hàn mí lẹ́yìn káàdì tí mo fi ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, pé nọ́ńbà báǹkì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún mi. Gbogbo ọdún yẹn, mi ò yí káàdì yẹn padà wò rí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n màmá rẹ ni kò jẹ́ kí wọ́n pè mí ní wèrè ní Èsìẹ́, ojú tó ń fi rí àbàwọ́n bùbá mi lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀.

Ó yá, ìmọ̀ràn dé. Mú nǹkan jẹ lọ́wọ́, ó gùn díẹ̀.

Èkíní, ọmọ mi: bí báǹkì bá pè ọ́ láìròtẹ́lẹ̀, ohùn yòówù kó jẹ́, pa á. Má ṣàlàyé, má tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà, gba ọ̀nà tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ lọ bá báǹkì: nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ, tàbí kí o fi ẹsẹ̀ rẹ rìn lọ. Kì í ṣe nọ́ńbà tí olùpè fún ọ, kì í ṣe èyí tó fi ránṣẹ́. Má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tó hàn lójú fóònù tàn ọ́ jẹ. Ọmọbìnrin yẹn sọ fún mi pé wọ́n lè mú kí nọ́ńbà báǹkì gan-an hàn níbẹ̀, bí Sámù ṣe gbé ohùn ìyá àgbà wọ̀. Bí báǹkì ló pè ọ́ lóòótọ́, wọn á sọ fún ọ. Bí kì í bá ṣe àwọn, ẹ jọ gbọ́ nìyẹn.

Èkejì, mímọ̀ tí ẹnì kan mọ̀ ọ́ kò sọ pé ìwọ mọ̀ ọ́n. Ó lè mọ orúkọ rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ, ìlú rẹ, àìsàn ilé rẹ. Ìmọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà tiwa, ẹni tó bá mọ oríkì rẹ, ó jẹ́ pé ó jẹun nílé yín rí ni. Ayé ti yí padà.

Mo fẹ́ bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kan níbí, má sì sunkún. Màmá rẹ ní kí n má sọ ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o ń ṣe báyìí kò jẹ́ kí n lè gbé e mì. Nígbà tí mo dé láti Òmù-Àrán, mo bi ara mi léèrè pé níbo ni olè ti rí Àkàndé. Mo ṣí Fesibúùkù, mo wo ohun tí o kọ sí abẹ́ àwòrán mi ní ọjọ́ ìbí mi. Ó dára púpọ̀. O pè mí ní Àkàndé ọmọ Èsìẹ́. O ní kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá wa gbàdúrà fún ojú màmá rẹ, pé iṣẹ́ abẹ ku díẹ̀. Àwòrán ilé wa wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù mi náà wà níbẹ̀ kí àwọn èèyàn lè pè mí kí mi. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Mi ò bá ọ wí o. Ìfẹ́ lo fi kọ ọ́, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo kà á sókè fún màmá rẹ, àwa méjèèjì sì yọ̀. Mi ò sì ní kí o má kì mí mọ́. Kì mí! Ṣùgbọ́n fi oríkì sílé, kí o máa fi kì mí lójúkojú bí o bá wálé, kí orí mi wú níbi tó yẹ kó wú sí. Yọ nọ́ńbà fóònù mi kúrò níbẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ àìsàn, sọ ọ́ fún Ọlọ́run àti fún àwọn tó máa gbé omi gbígbóná wá.

Ẹ̀kẹta ni kíákíá. Ohun tó ń jẹ́ kíákíá ni kó máa kọ́kọ́ bà ọ́ lẹ́rù, kì í ṣe olè tó ní ó wà ní Èkó. Sámù ní kí n sáré wá. Ọkùnrin yìí ní kíá, kíá. Ìyá àgbà kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Bí wọ́n bá fẹ́ rí mi, wọ́n á dúró dè mí. Báǹkì tó dúró láti ọdún tó pẹ́ kò ní wó nítorí pé o lọ wọ bàtà. Bí ẹnì kan bá ń lé ọ pé kí o má ronú, kí o má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù rẹ, àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ, àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ: pákò rẹ nìyẹn. O lè fún aládùúgbò ní oúnjẹ, o lè yá a ní aṣọ. Ta ló ń yá ènìyàn ní pákò? Báǹkì kò ní tọrọ rẹ̀. Ọkọ, bí o bá fẹ́ ọkọ, kò gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀. Èmi náà kò ní tọrọ rẹ̀. Bí ohùn mi bá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ kan, pa fóònù mọ́ mi létí, kò ní dùn mí.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, àmọ́ èyí ló wúwo jù nínú wọn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé o ti ka nọ́ńbà náà fún wọn, má fi ìtìjú pa á mọ́ra. Pe báǹkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa, lẹ́yìn náà kí o pè wá. Mo ń sọ èyí nítorí mo mọ ara mi. Ká ní mo ka nọ́ńbà yẹn lọ́jọ́ náà, bóyá ni mi ò ní dákẹ́ ọjọ́ púpọ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé olùkọ́ àgbà jẹ́ òmùgọ̀. Inú ìdákẹ́jẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀ ni olè ti ń rí ààyè sá lọ.

Wàyí o, ìwọ fúnra rẹ. Àwọn tí o ń pè báyìí kò rí ojú rẹ, ojú sì ni ọ̀rọ̀ wà. Lójú wọn, ìwọ ni ohùn tó ń ti etí odò wá. Má bínú sí ẹni tó bá pa fóònù mọ́ ọ létí. Ẹni tó kọ́ ọgbọ́n ni. Àwọn tó yẹ kí o ṣàánú ni àwọn tó ń dá ọ lóhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ọ́ ní ọmọ mi, tí wọ́n sì fẹ́ máa ka nọ́ńbà sí ọ létí láìjẹ́ pé o béèrè. Irú èmi ni wọ́n. Ìwọ ni kí o dá wọn dúró. Sọ orúkọ rẹ, sọ ohun tí o torí rẹ̀ pè, kí o wá sọ fún wọn pé, “Màmá, bàbá, ẹ pa fóònù yìí. Ẹ wo ẹ̀yìn káàdì yín, kí ẹ fi nọ́ńbà ibẹ̀ pè wá padà.” Bí ọ̀gá rẹ bá ní èyí ń fi àkókò ṣòfò, sọ fún un pé bàbá rẹ kí i.

Ó ku ohun kan. Mo fi í sílẹ̀ de ìparí bí ẹran inú àwo.

O rò pé mo kàn pa fóònù mọ́ ọ létí, mo sì lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ohùn ọmọ ẹni báyìí. Bí ohùn rẹ ṣe dùn mọ́ mi létí tó, bẹ́ẹ̀ ni àyà mi já tó, torí ohùn tó dùn mọ́ mi ni wọ́n fi wá lákọ̀ọ́kọ́. Mo kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tìrẹ, ó wà ní pípa, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹ gbé fóònù wọ ibi iṣẹ́. Mo wá mú káàdì mi, mo yí i padà, mo pe nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n fi orin sí mi létí títí. Nígbà tí obìnrin kan gbé e, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ yín ló pè mí lẹ́ẹ̀kan?”

Ó ní kí n dúró. Ó wò ó. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa ló pè yín láti Ìbàdàn. Mojísọ́lá ni orúkọ rẹ̀.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Màmá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi fóònù sí ohùn gbangba, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin náà á rò pé etí bàbá yìí ti di. Mi ò sọ fún un pé ọmọ mi ni. Èmi ni mo tọ́ ọ, èmi ni mo kọ́ ọ ní a, b, d, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀ mí rí, pé òṣìṣẹ́ wọn gidi ni ọ́, àti pé òótọ́ ni o ń sọ. Inú mi dùn, Àjọkẹ́. Inú mi dùn débi pé mo fún ajá ní ẹran.

Nítorí náà, bí ọ̀gá rẹ bá tún ní kí o pè mí, pè mí. Kí gbogbo wọn dúró sẹ́yìn rẹ bí wọ́n bá fẹ́. Màá pa fóònù mọ́ ọ létí. Lẹ́yìn náà, màá wá bá ọ níbi tí mo mọ̀ pé o wà.

Bàbá rẹ, tó mọ ohùn rẹ.